Àlàárì Tí Mo Sọ Di Ẹtù

Ìtàn fọ́tò ni mo fẹ́ sọ lónìí, ìtàn bí àwọn èèyàn ṣe ń fi àwọ̀ sí ojú kan ṣoṣo lára fọ́tò dúdú-òun-funfun, láti ayé ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń ṣe é títí dé ayé kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi ná, torí òun ló sọ mí di ẹni tó ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí kiri.

Nígbà tí Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, papò dà, iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá wà ní yunifásítì nínú ẹbí ni wọ́n máa ń di gbogbo ohun tó bá jọ ìwé lé lórí, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló ń kọ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹnì kan ti fi íńkì kọ 1958 sẹ́yìn rẹ̀. Màmá Àgbà jókòó sórí àga onígi, wọ́n wé gèlè, wọ́n da ìborùn lé èjìká, ọwọ́ méjèèjì wà lórí itan, wọn ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ òkè ni wọ́n wọ̀, ó sì dúdú nínú fọ́tò náà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Mo mú un lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn géètì. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní òun lè ṣe é kó yọ: kí gbogbo fọ́tò wà bó ṣe wà, kí aṣọ nìkan ní àwọ̀. Ó fi èyí tó ti ṣe fún àwọn tó ṣègbéyàwó hàn mí. Ọkọ àti ìyàwó wà nínú àwọ̀ eérú, òdòdó ọwọ́ ìyàwó nìkan ló pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó wù mí, n ò ní purọ́. Ó bi mí pé, "Àwọ̀ wo laṣọ Màmá?" Mo tún wo fọ́tò náà. Mo rò ó pé aṣọ òkè ni, ó sì dúdú tó báyìí, kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe ẹtù? Mo ní, "Búlúù ni. Búlúù tó ki dáadáa."

Igba ẹ̀dà la tẹ̀.

Àbúrò Màmá Àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ló kọ́kọ́ gba ọ̀kan. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n tún gbé e súnmọ́. Wọ́n ní, "Ta nìyí?" Mo rò pé ojú ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní, "Mo ní ta nìyí? Àlàárì ni ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ilé ìyálé ló wọ ẹtù. Ìgbà tí wọ́n kú tán lo wá lọ wọ aṣọ orogún wọn fún wọn?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ìtàn fọ́tò náà. Ọjọ́ tí bàbá àgbà joyè ni wọ́n yà á. Ìyàwó méjì ni bàbá ní. Ìyálé ní kí gbogbo obìnrin ilé wọ ẹtù, Màmá Àgbà sì kọ̀ jálẹ̀. Èlùbọ́ ọdún méjì ni wọ́n tà kí wọ́n tó fi ra àlàárì tiwọn, wọ́n wọ̀ ọ́ jáde lójú gbogbo ìlú, wọ́n sì tún lọ jókòó fún onífọ́tò kí ẹ̀rí má bàa parẹ́. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, èmi ọmọ ọmọ wọn, mo san owó fún ẹni tó gba ẹjọ́ náà padà fún ìyálé. Àwọn ọmọ ìyálé gba ìwé tiwọn, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Ìyá Kékeré jù.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, aṣọ òkè mẹ́ta ló lórúkọ jù nílẹ̀ wa. Sányán ni èyí tí wọ́n ń fi òwú kòkòrò inú igbó hun, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹtù ni èyí tí wọ́n rẹ òwú rẹ̀ láró títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú, tí ìlà tín-ínrín funfun sì wà lára rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù gan-an. Àlàárì ní tirẹ̀ pọ́n. Láyé àtijọ́, sílíìkì rẹ̀ ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Èèyàn tó lójú kò lè fi ẹtù pe àlàárì. Báwo wá ni aṣọ tó pọ́n ṣe dúdú tó bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò? Ìbéèrè yìí ni mo gbé kiri, láti láíbìrì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló sì mú mi kan ìtàn tó kù.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kọ̀ǹpútà ló dá àṣà yìí sílẹ̀. 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ Louis Daguerre ní Paris, ìyẹn àwòrán tó ń hàn lórí pátákó bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Ìyanu ni lóòótọ́, àmọ́ kò ní àwọ̀ kankan, ìyẹn sì ń dun àwọn tó ń sanwó. Kò pẹ́ rárá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, ará Switzerland kan tó ń jẹ́ Johann Baptist Isenring ti bẹ̀rẹ̀ sí í po àtíkè àwọ̀ mọ́ oje igi tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀mù arábíkì, ó ń fi í sára àwòrán, ó sì ń ta iná díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tí àwọn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn fi àwọ̀ kùn. Lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í kun gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á fi wúrà sí òrùka, ẹ̀gbà ọrùn àti bọ́tìnnì, ó parí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹni náà lè jọ ẹni tó wà láàyè. Wúrà, kí ayé lè mọ̀ pé ó lówó. Ẹ wá sọ fún mi pé òyìnbó yàtọ̀ sí wa.

Láti ibẹ̀ ló ti ń ràn. Nígbà tí Felice Beato dé Yokohama ní Japan ní 1863, tó ń tẹ fọ́tò sórí bébà, àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ náà ló ń fi ọ̀dà olómi kùn ún fún un, wọ́n sì ń tà á fún àwọn àjèjì. Kusakabe Kimbei, tó ti bá Beato ṣiṣẹ́, dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò kásẹ̀ ńlẹ̀ títí tí fíìmù aláwọ̀ fi dé, tí Kodachrome jáde ní 1935, tí owó rẹ̀ sì wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí pupa.

Fíìmù kì í ríran bí ojú wa ṣe ń ríran. Àwọn gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, búlúù nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi funfun báláú nínú fọ́tò àtijọ́, tí ohun tó bá pọ́n sì dúdú. Ní 1873, Hermann Vogel ní Jámánì ṣàwárí pé tí a bá po aró kan mọ́ ọn, gíláàsì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ ewé pẹ̀lú. Ó dára, ṣùgbọ́n pupa ṣì wà níbi tó wà. Ó di 1906 kí ilé iṣẹ́ Wratten and Wainwright ní ìlú Croydon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó máa ta èyí tó rí gbogbo àwọ̀. Èyí tí kò rí pupa kò sì tìtorí ìyẹn kúrò lọ́jà. Àwọn onífọ́tò fẹ́ràn rẹ̀, torí pé wọ́n lè tan gílóòbù pupa nínú yàrá òkùnkùn kí wọ́n máa wo iṣẹ́ wọn bó ṣe ń jáde, láìjẹ́ pé ó bàjẹ́.

Ẹ rí i báyìí. Bí onífọ́tò 1958 yẹn bá lo irú fíìmù tí kò rí pupa, àlàárì Màmá Àgbà kò lè ṣe kó má dúdú. Kódà ká ní èyí tó rí gbogbo àwọ̀ ló lò, pupa tó ki àti búlúù tó ki lè bọ́ sórí eérú kan náà, torí ohun tí fíìmù ń kọ sílẹ̀ ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kò kọ orúkọ àwọ̀ síbì kankan. Mo wo dúdú, mo ní mo rí ẹtù. Irọ́ ni. Àròsọ ara mi ni mo rí.

Ẹnì kan wà tó mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú, tó sì lò ó. Sergei Eisenstein, ará Rọ́ṣíà, ṣe fíìmù kan ní 1925 nípa àwọn atukọ̀ ojú omi tó ṣọ̀tẹ̀ ní 1905, Battleship Potemkin lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà ní láti ta àsíá pupa sókè ọkọ̀. Tó bá ya àsíá pupa, dúdú ló máa jáde. Kí ló ṣe? Ó ní kí wọ́n ta àsíá funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ kun àsíá yẹn ní pupa lára fíìmù, ojú fíìmù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, méjìdínláàádọ́fà (108) lápapọ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin náà tó tẹ̀ba lórí ohun tí kò ju èékánná lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní gbọ̀ngàn Bolshoi ní Moscow, ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, 1925, tí àsíá náà yọ ní pupa láàárín gbogbo eérú yẹn, àtẹ́wọ́ ló gba ilé náà kan.

Mo ti ronú sí i pé kí ló dé tí tirẹ̀ fi dára tí tèmi fi burú, nígbà tó jẹ́ pé àwa méjèèjì la kun ohun tí kò pọ́n tàbí tí kò ní búlúù lójú fíìmù. Ohun tí mo rí ni pé ó mọ àwọ̀ àsíá náà kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ nǹkan kan, mi ò sì bi ẹni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ Ìyá Kékeré wà nílé, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Ọ̀pọ̀ yín á ti wo Schindler's List, tí Steven Spielberg gbé jáde ní 1993. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé dúdú-òun-funfun ni gbogbo rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ ogun Násì ti ń kó àwọn Júù jáde ní ìlú Kraków ní 1943, ọmọdébìnrin kékeré kan ń rìn lọ láàárín wàhálà náà, kóòtù rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Ojú ò lè kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, a tún rí kóòtù pupa yẹn lórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó òkú. Ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọ̀ ló sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹni tó bá fi àwọ̀ sára ohun kan ti yan ẹni tí a máa wò, ó sì ti yan àwọn tí a ò ní wò. Ọmọ mélòó ló wà ní òpópónà yẹn?

Wàyí o, kọ̀ǹpútà. Ibi tí Photoshop ti bẹ̀rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1987, Thomas Knoll jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan, ní Amẹ́ríkà. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀, kò tilẹ̀ mọ eérú. Ó wá kọ ètò kékeré kan kí eérú lè hàn lójú rẹ̀. Àǹtí-àwọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ mi! Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kọ́ ni mo fẹ́ fà, àmọ́ John Knoll tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe idán inú fíìmù, rí i pé ètò náà máa wúlò. Wọ́n jọ ṣe é, Adobe sì gbé Photoshop àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejì, 1990. Ní 1994 ni ẹ̀kẹta mú ìpele wá, tí èèyàn fi lè gbé àwòrán kan lé orí òmíràn láìba tìsàlẹ̀ jẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi ṣe ohun tí ọmọkùnrin yẹn ṣe fún mi. Tó bá jẹ́ fọ́tò tó ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, irú ti ìgbéyàwó, ẹ ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìpele kejì, ẹ ó fa àwọ̀ kúrò lára ẹ̀dà náà, ẹ ó fi ìbòjú sí i, ẹ ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì ṣí ihò sí ìbòjú níbi tẹ́ ẹ fẹ́, kí àwọ̀ ìsàlẹ̀ lè yọjú. Òdòdó ìyàwó yẹn pọ́n nínú fọ́tò nítorí pé ó pọ́n lọ́wọ́ ìyàwó. Ìyókù ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Tó bá jẹ́ fọ́tò 1958 ńkọ́? Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ tó máa yọjú. Ẹ ó fi ìpele òfìfo lé e, ẹ ó yan ibi tí wọ́n kọ Color sí, ẹ ó bu àwọ̀ tó bá wù yín, ẹ ó fi kun aṣọ. Photoshop á mú àwọ̀ láti òkè, á mú ìmọ́lẹ̀ àti òjìji láti ìsàlẹ̀, tí gbogbo ìṣẹ́po aṣọ á ṣì máa hàn. Ohun tí ọ̀dà àwọn ará ìgbàanì náà ń ṣe nìyẹn, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí fọ́tò ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí pé òjìji inú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ojú á gbà pé àwọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Tí wọ́n bá tẹ fọ́tò méjèèjì sórí bébà tán, ta ló máa mọ èyí tí wọ́n ṣẹ́ àwọ̀ kù sí lára àti èyí tí wọ́n rá a fún?

Ṣé mo wá ń sọ pé kéèyàn má fọwọ́ kan fọ́tò ni? Rárá o. Àwa gan-an kúkú ti ń fọwọ́ kàn án tipẹ́. Ní 1978, Stephen Sprague kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá, ó sì ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún nípa ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á ya èyí tó wà láàyè, wọ́n á tẹ fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á ya ẹni tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ èkejì. Ní yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe èyí, láìní Photoshop. Mo wo ọ̀rọ̀ náà títí, mi ò rí irọ́ níbẹ̀. Ìyá tó bí wọn ló ní kí wọ́n ṣe é, gbogbo ilé ló sì mọ ẹni tó jókòó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, 2021. Ayàwòrán kan fi àwọ̀ sára fọ́tò àwọn èèyàn tí wọ́n ti mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Tuol Sleng ní Cambodia kí wọ́n tó pa wọ́n, ìwé ìròyìn VICE sì gbé e jáde. Àwọn èèyàn wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé ó ti fi ẹ̀rín sẹ́nu àwọn kan tí kò rẹ́rìn-ín. Ìjọba Cambodia figbe ta, àwọn ẹbí figbe ta, VICE yọ ọ́ kúrò. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?

Ní báyìí, ẹ̀rọ ti ń dá a ṣe. Ní 2016, Richard Zhang, Phillip Isola àti Alexei Efros ní Yunifásítì California ní Berkeley fi fọ́tò aláwọ̀ tó ju mílíọ̀nù kan lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè máa méfò àwọ̀ tó ṣeé ṣe kó wà lára èyí tí kò ní. Irú rẹ̀ ti wọ inú fóònù gbogbo wa. Mo fi fọ́tò Màmá Àgbà dán ọ̀kan wò. Ó fi àwọ̀ ilẹ̀ kun aṣọ wọn, bí ẹni pé sányán ni. Ó kù díẹ̀ kí n bú u, mo wá rántí pé ó sàn jù mí lọ: ẹ̀rọ ò ní Ìyá Kékeré nílé.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo lọ bá wọn. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n yọ àlàárì náà jáde. Ó ṣì pọ́n, àyàfi etí rẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù kan, mo ya méjèèjì pẹ̀lú fóònù mi, mo wá fa àwọ̀ rẹ̀ kúrò lójú wọn. Àwọn aṣọ náà di ìkan náà. Ìyá Kékeré gba fóònù, wọ́n wò ó, wọ́n wo aṣọ tó wà nílẹ̀, wọ́n tún wo fóònù. Wọ́n ní, "Fọ́júfọ́jú lẹ fi ń ya èèyàn láti ọjọ́ yìí wá?"

Wọ́n wá gbé agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fọ́tò ló kún un dẹ́nu. A bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á gbé ọ̀kan, wọ́n á sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó wọ̀, èmi á sì fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn: gèlè aláwọ̀ ewé, bùbá funfun, bàtà yẹn yíyá ni. Èyí tí Màmá Àgbà jókòó sí lórí àga ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ 1958 yẹn: "Àlàárì. Àwọn fúnra wọn ló rà á."